Ọmọ ayò tó pòórá nínú ilé gíríìnì: ìdáhùn fún ẹni tó ń ṣe géèmù fún kọ̀ǹpútà àtijọ́

Arákùnrin kan ní Kubwa, níbí l'Abuja, ló kọ̀wé sí mi. Ó ń kọ géèmù ayò ọlọ́pọ́n fún kọ̀ǹpútà àtijọ́ tó ń lo ètò DOS, àwọ̀ mẹ́rin tí CGA, káàdì tó ń gbé àwòrán sójú kọ̀ǹpútà, gbà ló sì fi ya ọpọ́n náà: ilẹ̀ dúdú, ilé tirẹ̀ gíríìnì, ilé ẹni tó ń bá a ta pupa, ọmọ ayò bíráùn. Ó gbé e fún bàbá ìyàwó rẹ̀. Ọ̀ta gidi ni bàbá lórí ọpọ́n igi, ṣùgbọ́n lórí kọ̀ǹpútà wọn kò rí ọmọ ayò nínú ilé gíríìnì, wọn ò sì mọ ẹ̀gbẹ́ tó jẹ́ tiwọn. Lẹ́yìn náà ló ra mọ́nítọ̀ dúdú-àti-funfun ti VGA, káàdì àwòrán tó dé lẹ́yìn CGA, lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ọjà tòkunbọ̀. Bó ṣe so ó mọ́ ẹ̀rọ rẹ̀, ọmọ ayò tún pòórá níbi kan náà. Ó wá béèrè pé: "Ẹ̀gbọ́n, àwọ̀ wo ni kí n lò tí gbogbo ojú á fi rí i? Àbí kí n kúkú ṣe géèmù méjì ni?"

Àbúrò, géèmù kan ti tó. Ohun tó o máa tún ṣe kò tilẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n ibi tó o ti bẹ̀rẹ̀ ni kó o padà sí. Àwọ̀ lo kọ́kọ́ yàn, o wá di gbogbo ẹrù lé e lórí: tèmi rèé, tìrẹ nìyẹn, ọmọ ayò rèé. Bí a bá yọ àwọ̀ kúrò lójú ọpọ́n rẹ, kò sí nǹkan mìíràn tó ń sọ ìyàtọ̀. Ìmọ́lẹ̀ àti ìrísí ló yẹ kó kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ yẹn tán. Ìgbà tí wọ́n bá ṣe é tán ni kí àwọ̀ tó dé, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ṣọ́ àti ìrànlọ́wọ́.

Kì í ṣe èèṣì pé ibi tí bàbá ti sọ ọmọ ayò nù náà ni mọ́nítọ̀ ti sọ ọ́ nù. Kọ̀ǹpútà máa ń fi nọ́ńbà mẹ́ta kọ àwọ̀ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀: pupa mélòó, gíríìnì mélòó, búlúù mélòó, láti 0 dé 255. Gíríìnì tó o lò jẹ́ 0, 170, 0. Bíráùn jẹ́ 170, 85, 0. Nígbà tí káàdì VGA bá rí i pé mọ́nítọ̀ aláìláwọ̀ ni wọ́n so mọ́ òun, á sọ àwọ̀ gbogbo di eérú: á mú 30% nínú pupa, 59% nínú gíríìnì, 11% nínú búlúù, á ro wọ́n pọ̀. Wọ́n pín in bẹ́ẹ̀ torí pé gíríìnì ló ń mọ́lẹ̀ jù lójú ènìyàn, búlúù ló sì ń ṣókùnkùn jù. Jẹ́ ká ṣe é fún gíríìnì rẹ: 59% nínú 170 jẹ́ 100. Fún bíráùn: 51 láti inú pupa, 50 láti inú gíríìnì, ó di 101. 100 àti 101! Kò sí ojú tó lè ya ìyẹn sọ́tọ̀. Ẹ̀rọ rẹ ya ọmọ ayò náà dáadáa, ṣùgbọ́n eérú lórí eérú ló yà. Nínú ilé pupa, wọ́n hàn, torí pé pupa jẹ́ 51 péré.

Ti bàbá ńkọ́? Oríṣi sẹ́ẹ̀lì mẹ́ta ló wà nínú ojú wa tó ń bá wa dá àwọ̀ mọ̀. Bí èyí tó ń gba gíríìnì tàbí èyí tó ń gba pupa kò bá sí, tàbí tí iṣẹ́ rẹ̀ bá sún mọ́ ti èkejì jù, pupa, bíráùn àti gíríìnì á bẹ̀rẹ̀ sí í jọ ara wọn lójú ẹni náà. Ìmọ́lẹ̀ nìkan ló kù tó lè fi yà wọ́n, ìmọ́lẹ̀ bíráùn àti gíríìnì rẹ kò sì jìnnà síra. Nǹkan mìíràn tún wà tí ọ̀pọ̀ àwa tó ń ya ojú kọ̀ǹpútà kì í rántí: àwọn tí sẹ́ẹ̀lì pupa kò sí lójú wọn ń rí pupa bí ohun tó ṣókùnkùn gan-an. Bó o bá kọ ìkìlọ̀ ní pupa sórí ilẹ̀ dúdú, o fẹ́rẹ̀ẹ́ má kọ nǹkan kan sílẹ̀ fún wọn.

Wàyí o, àwọ̀. Káàdì CGA tí IBM gbé jáde ní 1981 fún wa ní píksẹ́lì (tótó kéékèèké tí àwòrán fi ń hàn) 320 níbùú, 200 lóròó, pẹ̀lú àwọ̀ mẹ́rin. Yàtọ̀ sí àkójọ tó o yàn, òmíràn wà níbẹ̀: dúdú, cyan (búlúù tó fà sí gíríìnì), magenta (pupa tó fà sí àlùkò), funfun. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n ní ó ń ta lójú. Èmi fẹ́ràn rẹ̀, òun náà ni mo sì fẹ́ kó o lò. Ṣe ìṣirò eérú fún un kó o rí i: dúdú 0, magenta 70, cyan 119, funfun 170. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jìnnà síra, ẹyọ kan kò gorí èkejì. Magenta ní búlúù nínú, cyan náà ní in, ẹni tí kò dá pupa mọ̀ yàtọ̀ sí gíríìnì sì sábà máa ń rí búlúù dáadáa. Ní tirẹ̀, magenta á fà sí búlúù, cyan á fà sí eérú, yóò sì mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Láti yàn án, pe INT 10h, iṣẹ́ inú BIOS tó ń bójú tó àwòrán, pẹ̀lú AH=0Bh, BH=1, BL=1. Má kọ tààrà sí port 3D9h, torí pé ti CGA nìyẹn, VGA kò ní in.

Ọ̀fìn kan wà nínú rẹ̀ ṣá o. Lórí mọ́nítọ̀ aláwọ̀, cyan àti funfun CGA sún mọ́ra gan-an ní ìmọ́lẹ̀. Ìlànà WCAG, tí àwọn tó ń ṣe ojú-ewé íntánẹ́ẹ̀tì ń tẹ̀lé, ní ìṣirò ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀. Ó ń béèrè ó kéré tán 3 sí 1 láàárín ohun tí a gbọ́dọ̀ rí àti ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àti 4.5 sí 1 fún lẹ́tà kéékèèké. Cyan sí funfun kò ju nǹkan bí 1.2 lọ. Bí ojú bá wá ń rí cyan bí eérú, kò sí bí ọmọ ayò funfun ṣe máa hàn lórí ilé cyan. Fi ìlà dúdú oní-píksẹ́lì kan yí gbogbo ọmọ ayò ká, ibi yòówù kí wọ́n wà, ọ̀rọ̀ náà sì tán. Ìlà dúdú yẹn ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ohun tí mo máa sọ fún ọ lónìí.

Bí ọkàn rẹ kò bá kúrò lórí gíríìnì àti pupa, tan ìmọ́lẹ̀ wọn sókè. Pe INT 10h, AH=0Bh, BH=0, BL=10h. Bíráùn á di yẹ́lò, eérú wọn á sì di 136 fún pupa, 185 fún gíríìnì, 236 fún yẹ́lò. Mọ́nítọ̀ rẹ á rí gbogbo rẹ̀. Lórí mọ́nítọ̀ aláwọ̀, yẹ́lò lórí gíríìnì á ṣì máa yọ bàbá lẹ́nu, nítorí náà ìlà dúdú ṣì jẹ́ dandan. Ojúlówó káàdì CGA tún ní ọ̀nà kẹta: mode 5. Lórí tẹlifíṣọ̀n tàbí mọ́nítọ̀ composite, kò ní àwọ̀ rárá, eérú nìkan ló ń gbé jáde. Lórí mọ́nítọ̀ RGB, ó ń gbé cyan, pupa àti funfun jáde lórí dúdú. Pupa 51, cyan 119, funfun 170: ìyẹn náà dára. Ṣùgbọ́n VGA ni ìwọ ń lò, nítorí náà má gbé géèmù rẹ lé e.

Àwọn kan ti ronú lórí ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́tipẹ́. Wo kọ̀ǹpútà ZX Spectrum tí Sinclair gbé jáde ní 1982. Nọ́ńbà àwọ̀ rẹ̀ láti 0 dé 7 ni dúdú, búlúù, pupa, magenta, gíríìnì, cyan, yẹ́lò, funfun. Fi ìṣirò 30, 59, 11 wò wọ́n: 0, 11, 30, 41, 59, 70, 89, 100. Wọ́n ń gòkè ní títẹ̀léra! Ẹni tí tẹlifíṣọ̀n ilé rẹ̀ kò ní àwọ̀ mọ̀ pé bí nọ́ńbà bá ṣe tóbi tó ni ohun tóun yà á ṣe mọ́lẹ̀ tó. Commodore 64 jáde lọ́dún kan náà pẹ̀lú àwọ̀ 16, ṣùgbọ́n nínú ẹ̀yà àkọ́kọ́ ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán rẹ̀ jáde, ìpele ìmọ́lẹ̀ 5 péré ni wọ́n pín àwọ̀ 16 náà sí. Wọ́n sọ ìpele náà di 9 lẹ́yìn náà. Ẹni tó bá ya géèmù sórí ti àkọ́kọ́ yẹn láìwo ìmọ́lẹ̀ á rí ohun tó o rí. Lórílẹ̀-èdè wa níbí, Jos ni tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ní àwọn ọdún 1970, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ilé ló ṣì ń wo dúdú-àti-funfun fún ọdún púpọ̀ lẹ́yìn ìgbà yẹn. Àwọn tó dàgbà nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ agbábọ́ọ̀lù méjì lè wọ aṣọ tó yàtọ̀ pátápátá, kí wọ́n sì jọra pátápátá lójú tẹlifíṣọ̀n.

Bí mo ṣe fẹ́ kó o ṣe é rèé. Yọ gbogbo àwọ̀ kúrò. Ya ọpọ́n náà ní dúdú àti funfun nìkan, kó o má sì fọwọ́ kan àwọ̀ títí ẹni tí kò rí i rí á fi lè ta á láìbéèrè nǹkan kan. Macintosh àkọ́kọ́, ní 1984, kò ní ju dúdú àti funfun lọ lórí píksẹ́lì 512 sí 342, bẹ́ẹ̀ ni fèrèsé, àpò ìwé àti bọ́tìnnì inú rẹ̀ yé gbogbo ènìyàn. Ọnà ni wọ́n fi ya ohun kan sọ́tọ̀ sí òmíràn. Àwọn ìyá wa tó ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ mọ iṣẹ́ yìí ṣáájú kọ̀ǹpútà: aró àti ibi tí aró kò dé nìkan ni wọ́n ní, ẹni tó mọ aṣọ sì ń pe ọnà kọ̀ọ̀kan lórúkọ láti òkèèrè.

Fún ọpọ́n rẹ, jẹ́ kí ilé mẹ́fà tìrẹ jẹ́ òfìfo dúdú tí ìlà funfun nípọn yí ká. Jẹ́ kí ilé mẹ́fà ti ẹnìkejì ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́, kí ọnà onígẹ̀ẹ́rẹ́ sì kún inú rẹ̀. Ní mode 4, ìyẹn àwòrán aláwọ̀ mẹ́rin tó o ń lò, báìtì kan ń gbé píksẹ́lì mẹ́rin, nítorí náà ọnà onígẹ̀ẹ́rẹ́ kò gbà ju báìtì mẹ́rin lọ: C0h fún ìlà kìíní, 30h fún ìkejì, 0Ch fún ìkẹta, 03h fún ìkẹrin, kó o tún bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn á fún ọ ní píksẹ́lì funfun kan nínú mẹ́rin. Nígbà tó o bá fẹ́ sọ ọ́ di cyan lọ́la, 40h, 10h, 04h, 01h ni. Ọnà kò yí padà, àwọ̀ ló yí. Rántí ṣá pé ìlà tó jẹ́ onímejì àti ìlà tó kù kò sí níbì kan náà nínú mẹ́mórì CGA: èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ ẹlẹ́yọ wà ní 2000h síwájú.

Ilé tí ẹni tó ń ta yàn ńkọ́? Fi XOR pẹ̀lú 3 yí píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan tó wà nínú rẹ̀ padà. Dúdú á di funfun, funfun á di dúdú, cyan àti magenta á gba ipò ara wọn. Bó o bá tún ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, gbogbo rẹ̀ á padà sí bó ṣe wà. Kò gba mẹ́mórì àfikún, kò sì sí ojú tí kò ní rí i. Bí wọ́n bá pa méjì tàbí mẹ́ta nínú ilé kan, fi àmì × síbẹ̀ títí ẹni tó kàn á fi ta. Bí ilé kan bá sì di odù, tí ọmọ ayò ti pọ̀ ju ohun tí ojú lè kà, kọ nọ́ńbà rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ gàdàgbà. Má fi ìṣẹ́jú-ṣẹ́jú iná pe àkíyèsí. Ó ń rẹ ojú, ó sì léwu fún àwọn tí iná tó ń ṣẹ́jú lè fa gìrì fún. WCAG ní kò gbọ́dọ̀ ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Lórí mọ́nítọ̀ gíríìnì tí IBM ń tà pẹ̀lú PC àkọ́kọ́, irú ìmọ́lẹ̀ tí kì í tètè kú ni wọ́n lò, ohun tó bá ń yára ṣẹ́jú lórí rẹ̀ á kàn máa fà bí èéfín ni.

Ojú-ewé àlàyé rẹ, èyí tó jẹ́ lẹ́tà nìkan, ní wàhálà tirẹ̀. O kọ òfin ayò ní búlúù sórí dúdú. Ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀ búlúù CGA sí dúdú kò tó 1.6 sí 1, nígbà tí 4.5 ni wọ́n ń béèrè. Ẹni tí ojú rẹ̀ dá ṣáṣá pàápàá á fún ojú kó tó rí i kà. Sọ ọ́ di funfun, kó o fi funfun tó mọ́lẹ̀ jù kọ àkọlé. Bí ẹnì kan bá gbé géèmù rẹ sórí káàdì MDA, èyí tí IBM ṣe fún lẹ́tà nìkan, lẹ́tà 80 sí ìlà 25, káàdì yẹn kò mọ àwọ̀ kankan. Ohun tó mọ̀ ni lẹ́tà lásán (07h), lẹ́tà tó mọ́lẹ̀ (0Fh), dúdú lórí ìmọ́lẹ̀ (70h), ìlà abẹ́ àti ìṣẹ́jú-ṣẹ́jú. Attribute (nọ́ńbà tó ń sọ bí lẹ́tà ṣe máa hàn) 01h, tó jẹ́ búlúù lórí CGA, ìlà abẹ́ ló ń dà lórí MDA, nítorí náà gbogbo òfin rẹ á ní ìlà lábẹ́. Pupa, 04h, á sì dà bíi lẹ́tà lásán, ìkìlọ̀ rẹ á sọnù sáàárín àwọn yòókù. Bó o bá ń lo 07h, 0Fh àti 70h nìkan, ohun kan náà ni gbogbo ẹ̀rọ á máa sọ.

Ẹ jẹ́ kí n yà bá ojú bàbá díẹ̀, torí pé ó kan ilé rẹ. Bi wọ́n léèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀ bóyá láti kékeré ni àwọ̀ ti ń dàrú mọ́ wọn lójú. Bó bá jẹ́ láti kékeré, a bí i mọ́ wọn ni, kì í ṣe àìsàn, kò sì ní burú sí i. Ohun tó ń fa ti pupa àti gíríìnì wà lórí X, ọ̀kan nínú kúrómósómù tí a ń jogún lọ́dọ̀ òbí, nítorí náà ó pọ̀ lára ọkùnrin ju obìnrin lọ. Láàárín àwọn tó ṣẹ̀ wá láti Yúróòpù, ó tó nǹkan bíi 8% nínú ọkùnrin, tí kò sì ju ìdajì 1% lọ nínú obìnrin. Láàárín àwa aláwọ̀ dúdú, ó kéré sí i. X kan ṣoṣo ni bàbá ní, òun náà ni gbogbo ọmọbìnrin wọn jogún. Ìyàwó rẹ lè máa rí gbogbo àwọ̀ láìsí ìṣòro, síbẹ̀ ó gbé e, ọmọkùnrin kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá bí sì ní ààyè ìdajì sí ìdajì láti jogún rẹ̀. Sọ fún olùkọ́ ọmọ bó bá yá, kí wọ́n má baà na ọmọ nítorí pé ó fi kéréyọ̀nù bíráùn kun ewé. Ìwé àwòrán oní-tótòòtó tí Ishihara ṣe ní Japan ní 1917 ni wọ́n ṣì fi ń yẹ̀ ẹ́ wò, kò sì gba àsìkò. Ṣùgbọ́n bí bàbá bá sọ pé ẹnu àìpẹ́ yìí ló bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Ó lè jẹ́ dígí inú ẹyinjú ló ti ń pọ́n tàbí tó ti ń di funfun, ó lè jẹ́ iṣan ojú. Ẹ má fi falẹ̀, ẹ mú wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Àwọn ilé ìwòsàn ńlá l'Abuja ní ẹ̀ka ojú, National Eye Centre sì wà ní Kaduna fún ohun tó bá ju agbára wọn lọ.

Bó o ṣe máa dán iṣẹ́ náà wò kò le. Ṣáájú kó o tó yan mode, pe INT 10h pẹ̀lú AX=1200h, BL=33h. VGA á sọ gbogbo rẹ̀ di eérú, kódà lórí mọ́nítọ̀ aláwọ̀, AX=1201h ló sì ń pa á. Jẹ́ kí ó wà nínú géèmù náà lórí kọ́kọ́rọ́ kan, kó o máa tẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́ bó o ṣe ń kọ ọ́. Lẹ́yìn náà, dín ìmọ́lẹ̀ mọ́nítọ̀ kù, ṣí fèrèsé lọ́wọ́ ọ̀sán kí oòrùn wọlé, kó o wò ó láti ọ̀nà jíjìn. Bí ilé rẹ àti ilé ẹnìkejì bá ṣì yàtọ̀, ó ti dára. Kó o tó wá gbé e fún ènìyàn, má ṣàlàyé ohunkóhun. Bi í pé, "Ilé wo ló lè ta báyìí? Mélòó ló wà nínú èyí?" Bó bá fi ìka kàn án láìṣiyèméjì, iṣẹ́ rẹ pé. Bó bá tẹjú mọ́ ọn pẹ́, ibi tó tẹjú mọ́ yẹn ni kó o lọ tún ṣe, má bá a jiyàn.

O tún fi kún un nísàlẹ̀ ìwé rẹ pé ẹnì kan fẹ́ fún ọ ní káàdì Hercules. Gbà á. Ó jáde ní 1982, dúdú àti ìmọ́lẹ̀ nìkan ló mọ̀, ṣùgbọ́n píksẹ́lì 720 sí 348 ló ní, àwòrán rẹ̀ sì mọ́ kedere. Kò mọ mode 4, nítorí náà wàá kọ ẹ̀yà mìíràn fún apá tó ń ya àwòrán. Ìyókù géèmù náà kò ní yí padà. Níbẹ̀, píksẹ́lì mẹ́jọ ló wà nínú báìtì kan, nítorí náà ọnà onígẹ̀ẹ́rẹ́ rẹ á di 88h, 44h, 22h, 11h. Kí káàdì náà tó dé ọwọ́ rẹ, kọ machine=hercules sínú ètò DOSBox, tó ń mú kọ̀ǹpútà òde òní ṣe bí ti àtijọ́, kó o máa fi ìyẹn ṣiṣẹ́. Bó o bá tẹ F11, á máa yí láàárín funfun, gíríìnì àti ọsàn. Yan èyí tó bá tu ọ́ lójú, kó o bẹ̀rẹ̀ láti ara ìlà tó yí ilé kìíní ká.